Bí a ṣe ń ṣèwádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Èkó

Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìwádìí ìwà àìtọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ohun kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé e. Ẹlẹ́wọ̀n tó fẹjọ́ wọ́dà sùn lónìí, inú ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọ́dà yẹn ló máa sùn lálẹ́. Òṣìṣẹ́ báńkì tí ọ̀gá rẹ̀ rẹ́ jẹ lè padà sílé, kó tilẹ̀kùn mọ́rí, kó sì pe lọ́yà. Ẹlẹ́wọ̀n tó sọ pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ ìyàwó òun ní géètì kò ní ibi tó máa sá lọ. Nítorí náà, ìdáàbòbò ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo tò sísàlẹ̀ yìí, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró lé.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ẹ̀ka ìbáwí, tàbí lọ́yà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ní ọgbà Ìkòyí tàbí ní ọ̀kan nínú mẹ́ta tó wà ní Kirikiri: Maximum, Medium àti ti àwọn obìnrin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí àṣẹ yín mọ

Ẹ gba ìwé kí ẹ tó gbéra. Kí orúkọ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ̀sùn náà hàn ketekete, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè wọlé láì sọ tẹ́lẹ̀, pé ẹ lè gba ìwé àkọsílẹ̀, pé ẹ sì lè bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ láìsí wọ́dà nítòsí. Bí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò bá sí nínú ìwé, ẹ dá a padà kí wọ́n fi sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ dúró ní géètì títí ọ̀sán nítorí rẹ̀, kí wọ́n sì tó jẹ́ kí wọ́n wọlé, gbogbo ọgbà ti mọ ẹni tí wọ́n wá rí.

Òfin tó gbé iṣẹ́ náà ró ni Nigerian Correctional Service Act ti ọdún 2019, tó rọ́pò òfin Prisons àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kúẹ̀rì, ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ àti ìyọnípò wà nínú Public Service Rules. Ìbáwí àwọn ọ̀gá àgbà máa ń dé ọ̀dọ̀ Civil Defence, Correctional, Fire and Immigration Services Board ní Àbújá. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé náà lè gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, bó ṣe ṣe é lọ́dún 2024 nígbà tí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìfìyàjẹni pọ̀ lórí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá bá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ pàdé, ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, ló ni ín. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fìyà jẹ ènìyàn láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, Anti-Torture Act ti ọdún 2017 sọ pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 25, ó sì sọ pé ọ̀gá tó pàṣẹ jẹ̀bi bí ẹni tó na pàṣán. Iṣẹ́ ìbáwí ni tiyín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀ràn, ẹ fà á lé ọlọ́pàá tàbí ICPC lọ́wọ́ láìjáfara.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ gbà, ẹ bi ara yín bóyá ẹ mọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Iṣẹ́ yìí kún fún ẹni tó jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà, ẹni tó jọ gbé bárékè, ẹni tó jọ wà lẹ́gbẹ́ àlájẹṣẹ́kù. Bí okùn kankan bá so yín pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba ìwé kí ẹ tó gba ẹnu

Ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí sẹ́ẹ̀lì láàárọ̀. Fún ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà tàbí Yábà sí Kirikiri, ẹ ṣírò àwọn tírélà àti táńkà tó máa ń tò láti Máìlì 2 sí Apápá mọ́ ìrìn yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ sùn sí tòsí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lè dúró di ọ̀sán. Ìwé kò lè dúró. Àwọn tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè nìwọ̀nyí: ìwé géètì tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sí, ìwé dúútì, ìwé kọ́kọ́rọ́, ìwé tí wọ́n ń kọ iye ènìyàn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì sí ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ìwé ìjìyà, ìwé ilé ìtọ́jú aláìsàn, ìwé àwọn àlejò, àti ìwé tí ẹlẹ́wọ̀n ń kọ ẹ̀dùn rẹ̀ sí. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ títí di òwúrọ̀ tí ẹ dé. Kí ẹni méjì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà á, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé tó fi aago àti ọjọ́ hàn, kí ọ̀gá ọgbà náà sì fọwọ́ sí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé púpọ̀ rèé. Ká ní ẹlẹ́wọ̀n kan sọ pé òṣìṣẹ́ kan nà òun ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn sọ pé òun kò sí níbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwé dúútì sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣí ìwé géètì, ẹ bá orúkọ rẹ̀ pé ó wọlé ní aago méje kọjá díẹ̀. Ẹ ṣí ìwé kọ́kọ́rọ́, ẹ bá a pé ó gba kọ́kọ́rọ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́wọ̀n náà wà. Ẹ ṣí ìwé ilé ìtọ́jú, ẹ bá a pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n náà ní oògùn ara ríro. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ìwé wọ̀nyí, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹ máa tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rí tí kò mọ̀ pé ẹ̀rí lòun, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo ìwé náà fúnra rẹ̀ dáadáa. Bí báírò kan náà àti ọwọ́ kan náà bá kọ dúútì ọjọ́ mẹ́ta, tó sì jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ló yẹ kó ṣiṣẹ́ náà, ẹ fura. Bí nọ́ńbà ojú ìwé bá fò, bí wọ́n bá fún orúkọ kan há àárín ìlà méjì, tàbí tí wọ́n fi òdà funfun pa nǹkan rẹ́, ẹ gba ojúlówó ìwé náà, ẹ má fi fọ́tò nìkan lọ. Ibi tí kò sí àkọsílẹ̀ rárá náà ń sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀dùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà, nínú ọgbà tó kún àkúnya, ó ń sọ fún yín pé ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn.

Ní ti kámẹ́rà àti fóònù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fídíò ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kí ẹ sì pè é ní ẹ̀rí. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀, ọjọ́ àti aago tó wà lára rẹ̀ sì lè sọnù. Ẹ gbà á láti inú ẹ̀rọ tó ká a sílẹ̀ gan-an. Ẹ rántí pé abala 84 nínú Evidence Act ti ọdún 2011 ń béèrè fún ìwé ẹ̀rí lórí ohun tó bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Kí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá fi falẹ̀, ẹni náà lè gba tiransifá lọ sí Màídúgùrì kí ẹ tó rántí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bo ẹni tó sọ̀rọ̀

Àwọn òfin Mandela lórí bó ṣe yẹ kí a ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015, sọ ọ́ ní òfin 57 pé ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ lè fẹjọ́ sùn láìsí ewu, ní ìkọ̀kọ̀ bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ̀san lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún sọ ni. Bí a ṣe ń ṣe é ní Kirikiri àti Ìkòyí rèé.

Ẹ má ṣe pe ẹni tó fẹjọ́ sùn nìkan. Ẹ pe gbogbo ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àti sẹ́ẹ̀lì tó kángun sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye ìṣẹ́jú kan náà ni kí ẹ lò pẹ̀lú gbogbo wọn. Ẹni tí kò ní nǹkan sọ, ẹ bi í nípa oúnjẹ, nípa omi, nípa ọjọ́ tó máa lọ sí kóòtù, títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan pẹ́ lọ́dọ̀ yín tí àwọn yòókù kàn yọjú kí wọ́n sì padà, ẹ ti tọ́ka sí i fún wọn nìyẹn. Ó ń gba àkókò, ó sì ń rẹni. Ẹ ṣe é.

Ẹ má gbà kí ọ̀gá ọgbà bá yín yan yàrá. Ẹ rìn yíká, ẹ yan an fúnra yín: ilé ìkàwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ibikíbi tí ohùn kò ti lè jáde, tí fèrèsé rẹ̀ kò sì kọjú sí ọ́fíìsì. 

Ẹ sì kíyè sí tiransifá. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń dá lábàá ni pé kí wọ́n gbé ẹlẹ́wọ̀n náà lọ sí ọgbà mìíràn fún ààbò rẹ̀. Ẹni tó ń retí ìdájọ́ ní kóòtù Ìkẹjà, tí ìyá rẹ̀ ń ti Múṣin gbé oúnjẹ wá fún un, bí wọ́n bá gbé e lọ sí Badagry tàbí kúrò ní Èkó pátápátá, ó pàdánù kóòtù, ó pàdánù oúnjẹ, ó sì pàdánù lọ́yà. Ìjìyà nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni kí wọ́n kúrò nídìí kọ́kọ́rọ́ títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹ kọ lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ kìíní. Bí ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ bá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ kúrò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló bẹ̀bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fetí sílẹ̀

Ẹ pọ́n ènìyàn lé. Bàbá ẹni àádọ́ta ọdún tí wọ́n ń pè ní "ìwọ yìí" láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹ bá kí i pé "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá, ẹ jókòó," ohun tó máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn náà yóò yà yín lẹ́nu. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ fún mi, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí sẹ́ẹ̀lì." Kí ẹ sì dákẹ́. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, irú bíi "Ṣé ọ̀gá báyìí ló nà yín?", yóò ba ẹjọ́ náà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Èdè tí ẹlẹ́rìí fi sọ ọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bó bá sọ Yorùbá, ẹ kọ Yorùbá. Bó bá sọ Píjìn tàbí Ẹ̀gùn, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kà á padà fún ẹlẹ́rìí kó tó tẹ̀ka. Ohun kan tó ti tú ẹjọ́ ká rí: ẹlẹ́wọ̀n á ní "wọ́n nà mí", akọ̀wé á sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ ló nà án, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó ń bọ̀wọ̀ fún ni bàbá náà ń sọ. Ẹ bèèrè ní gbogbo ìgbà: ẹni mélòó? Ta ni? Níbo ló dúró? Kí ló mú lọ́wọ́?

Ẹ tún bèèrè nípa olórí sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹlẹ́wọ̀n tó ń darí àwọn yòókù. Ó wọ́pọ̀ pé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló nà án, wọ́dà kàn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Òfin 40 nínú àwọn òfin Mandela kọ̀ ọ́ pé kí a fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe ẹni tó ń bá ẹlẹ́wọ̀n wí. Nítorí náà, ìbéèrè yín kì í ṣe ẹni tó nà án nìkan. Ta ló fún olórí sẹ́ẹ̀lì lágbára, kí sì ni ó ń rí gbà?

Ní ọgbà àwọn obìnrin, kí obìnrin wà lára àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ òun ló máa darí rẹ̀ bí ẹ̀sùn náà bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Ẹ má ṣe bèèrè bóyá ó gbà. Láàárín ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ìbéèrè yẹn kò nítumọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè wẹ òṣìṣẹ́ kankan mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ara àti òkú

Egbò máa ń jiná. Bí ẹ̀sùn bá jẹ mọ́ lílù, dókítà gbọ́dọ̀ rí ẹni náà láàárín ọjọ́ méjì, kó má sì jẹ́ dókítà ọgbà náà. Àwọn ilé ìwòsàn bíi LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti General Hospital ní Ọ̀dàn wà nítòsí. Ẹ ya fọ́tò ojú egbò pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láti ìtòsí àti lẹ́ẹ̀kan láti òkèèrè kí ojú ẹni náà lè hàn, tó bá gbà. Istanbul Protocol, ìlànà àgbáyé fún yíyẹ ẹni tí wọ́n fìyà jẹ wò, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2022, ni dókítà máa tẹ̀lé. Ẹ bèèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnì kan bá kú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọwọ́ ọgbà. Òfin Coroner ti ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2007, sọ pé ikú ẹni tó wà ní àhámọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ coroner, ẹni tí òfin yàn láti ṣèwádìí ohun tó fa ikú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òkú ránṣẹ́ sí ẹbí kíákíá pẹ̀lú ìwé pé àìsàn ló pa á. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹbí jẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n fẹ́ sin òkú wọn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá àgbà ilé àti ààfáà wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ẹ ṣàlàyé pé àyẹ̀wò òkú ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tẹ̀lé owó

Ẹ̀sùn owó pọ̀ ju ẹ̀sùn lílù lọ: owó kí àlejò tó wọlé, owó ibi tí wọ́n máa sùn, owó kí wọ́n tó gbé ènìyàn lọ sí kóòtù, owó fóònù, owó kí ẹni tí béèlì rẹ̀ ti pé tó lè jáde. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kọjá lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n rárá. Ẹbí nílé ló ń fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́, tàbí ti ìyàwó rẹ̀, tàbí ti ẹni tó ń ṣe POS níwájú géètì.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ẹbí nílé wọn, ní Àjégúnlẹ̀, ní Múṣin, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fóònù wọn kí wọ́n fi àlẹ́ẹ̀tì hàn yín. Ọjọ́, iye owó àti orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wé ìwé àlejò àti ìwé ìtúsílẹ̀. Bí wáráǹtì ìtúsílẹ̀ bá dé láti kóòtù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ìwé sì jẹ́rìí sí i, tí ẹni náà kò jáde títí di ọjọ́ Ẹtì, tí àlẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ni ẹ tún ń wá? Ẹ má fúnra yín lọ bá ẹnikẹ́ni ní báńkì gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì òṣìṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. ICPC àti kóòtù ló lágbára yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo wọ́dà bó ṣe dáàbò bo gbogbo wa. Ẹ fún un ní kúẹ̀rì tó sọ ọjọ́, ibi àti ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ẹ fi àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé ẹ̀sùn lé hàn án. Ẹ fún un láyè láti dáhùn lórí ìwé, láti pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, kó sì bi àwọn ẹlẹ́rìí yín léèrè lọ́nà tí kò ní fi ẹlẹ́wọ̀n sínú ewu. Òun ni kó gbẹ̀yìn gbogbo wọn, nígbà tí ẹ bá ti mọ ohun tó wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn irọ́ ló wà, pàápàá lórí òṣìṣẹ́ tó kọ̀ láti jẹ́ kí fóònù wọlé. Ẹ máa rántí rẹ̀.

Kí ẹ sì wò ré kọjá rẹ̀. Ọgbà Ìkòyí, tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn 800, ní èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta iye náà lọ́dún 2019. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún níbẹ̀. Bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru wọ́dà tó wà lẹ́nu dúútì. Òfin 2019 ní kí ọ̀gá ọgbà kọ̀wé sókè bí ọgbà bá ti kún kọjá, ó sì fún un lágbára, pẹ̀lú ọ̀gá àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ náà, láti kọ̀ láti gba àwọn tuntun. Ẹ bèèrè lẹ́tà yẹn. Ṣé ó kọ ọ́? Ta ló gbà á? Kí ni wọ́n ṣe sí i? Bí wọ́dà bá ní àṣẹ ọ̀gá òun lòun tẹ̀lé, ẹ kọ orúkọ ọ̀gá náà, ẹ lọ bá a.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àbọ̀ ìwádìí

Ẹ kọ ọ́ kúkúrú. Ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀: ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀rí tó gbè é, ẹ̀rí tó takò ó, ohun tí ẹ rí pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ má kọ "wọ́n ní" láìsọ ẹni tó ní. Ẹ fi nọ́ńbà dípò orúkọ ẹlẹ́wọ̀n, kí ìwé orúkọ wà ní ọ̀tọ̀ nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa. Ibi tí ẹ̀rí kò bá tó, ẹ kọ pé kò tó. Ẹ ya ẹ̀bi ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ihò tó wà nínú ètò, kí ẹ sì dábàá ohun tí wọ́n máa ṣe sí méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ padà lọ

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún lọ sí ọgbà náà láì sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bóyá ẹni tó fẹjọ́ sùn ṣì wà ní sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bóyá ó ń lọ sí kóòtù, bóyá àlejò rẹ̀ ń wọlé, bóyá orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìjìyà láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Tún pe ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún un lójúkojú ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé. Bí àwọn tó rán yín bá jókòó lé àbọ̀ yín, ẹ kọ̀wé rán wọn létí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí National Human Rights Commission. Ẹbí tó fẹ́ mọ àbájáde lè kọ̀wé béèrè lábẹ́ Freedom of Information Act ti ọdún 2011, tó fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ẹ kọ orúkọ òfin náà sórí ìwé fún wọn, kí ẹ bá wọn kọ lẹ́tà náà, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí kí wọ́n tó kúrò níwájú káńtà.